Ọ̀já Pupa Nínú Igbó Olú

Lachaud-la-Fontaine,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun, ẹ kú ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá lẹ́tà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí n ní ìròyìn tó dára kí n tó kọ̀wé ni, ìròyìn náà ni kò sì tètè dé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé tẹlifóònù ń dun etí yín, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Yàrá mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù alápatà kan tó ti kógbá wọlé. Àwọn ìkọ́ ẹran ṣì wà lára àjà nísàlẹ̀. Tí mo bá ń wọlé, mo máa ń tẹrí ba kí ọ̀kan má baà gbá mi lórí. Ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú igbó tí mo wá kà kò jìnnà síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán Fráídè, àwọn ọmọ kíláàsì mi á kó sínú mọ́tò, kálukú á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ, abúlé á wá dákẹ́. Èmi àti ológbò obìnrin oníbúrẹ́dì la máa ń ṣẹ́ kù sí gbàgede.

Ẹ mọ ẹnu mi. Mo máa ń to ọ̀rọ̀ jọ láti ilé, mo máa ń tún un sọ lójú ọ̀nà, tí mo bá wá dé iwájú ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún, gbogbo rẹ̀ á ti pòórá. Lánàá mo fẹ́ sọ fún obìnrin oníbúrẹ́dì pé búrẹ́dì rẹ̀ dùn. Ó ní, "Èwo lo fẹ́, ọmọ mi?" Mo nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ mi jù, mo sanwó, mo jáde. Wolinọ́ọ̀tì, èso kan tó dà bí àsálà, ló kún inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn wolinọ́ọ̀tì. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, mo ń sáré. Ohun kan tí mo lè ṣe láìsọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wọ bàtà. Láti ibi omi tó ń ṣàn lẹ́nu òkúta ní gbàgede, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ láyé ọjọ́un, mo máa ń gba etí odò, mo máa ń la pápá àwọn màlúù pupa kọjá. Àwọn màlúù yẹn á gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa wò mí bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbanisíṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni igbó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ewé àtọdúnmọ́dún ló wà lórí ara wọn, ó dà bí ìgbà téèyàn ń sáré lórí tìmùtìmù. Òkè ibẹ̀ kò ga. Á gbé mi sókè díẹ̀, á sì tún gbé mi sílẹ̀, bí omi òkun wa ṣe máa ń ṣe ọkọ̀ ojú omi nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sùn. Màmá Àgbà, ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń gbàgbé pé mi ò ní ẹnì kankan níbí.

Ẹnì kan ti bá mi sọ̀rọ̀ ṣá. Maryvonne, obìnrin tó ń pín lẹ́tà. Ó bá mi pàdé lójú ọ̀nà nínú mọ́tò yẹ́lò rẹ̀, ó fun fèrè, ó yọrí síta.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa náà máa ń sáré ní Sọ́ńdè, àwa tí orúnkún wa ti ń ké. Wá bá wa. Ó kéré tán, wàá rí ẹni tí wàá fi sílẹ̀ sẹ́yìn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sáré lọ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ọmọ ọmọ yín,
Iria.


Fuseta,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Iria,

Mo gbọ́ kíkí rẹ, mo gbà á, àmọ́ má tún pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ kí o tó kọ̀wé. Ìròyìn tó dára lò ń dúró dè. Ìyá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá àlùfáà pé kó bá òun gbàdúrà. Èyí tí kò dára gan-an, fi ránṣẹ́. Èmi ni màá mọ èyí tí màá kà sí i létí.

Ọ̀rọ̀ eré sísá yìí wá ńkọ́? Ní gbogbo ọdún tí èmi àti bàbá àgbà rẹ fi gbé ní Lachaud, tí à ń gbin igi páínì fún àwọn onígbó, ẹni méjì péré ni mo rí tó sáré nínú igbó yẹn. Ọlọ́pàá ló ń lé ọ̀kan. Oyin ló ń lé ìkejì. Ìwọ wá ń jí láàárọ̀, o ń sáré láìsí ọlọ́pàá, láìsí oyin, nígbà tó o bá sì délé, wolinọ́ọ̀tì tí o kò fẹ́ràn lo máa jẹ.

La ẹnu rẹ, ọmọ mi. Àwọn èèyàn ibẹ̀ yẹn kò burú. Tí o bá kí wọn, wọ́n á dá ọ lóhùn. Tí o kò bá kí wọn, wọ́n á ní o ní nǹkan nínú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, "ẹ káàárọ̀" nìkan ni mo gbọ́ nínú èdè wọn, mo sì ń fi kí gbogbo ohun tó bá ń mí, títí kan ajá wọn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń pè mí wá jẹun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìyá rẹ sọ fún ọ. Ó ní tó bá fi máa di ìsinmi àjọ̀dún Àwọn Ẹni Mímọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí o kò bá tíì ní ẹnì kan níbẹ̀ tí o lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti tọrọ iyọ̀, kí o di ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀. Iṣẹ́ wà fún ọ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja sínú agolo. Mo bá a fà á. Mo ní ọmọ yìí ti ń ya àwòrán igi láti kékeré, létí òkun tí kò sí igi. Ó ní òun kò bímọ kó lọ máa dá jẹun nílẹ̀ onílẹ̀. Ìyẹn ló borí tèmi. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ló kù sí.

Bá mi wo nǹkan kan. Igbó tí a gbìn wà lókè, lẹ́yìn ilé ọlọ àtijọ́. Ṣé àwọn igi náà ṣì wà, àbí wọ́n ti gé wọn? Tí o bá ń lọ, ojú ọ̀nà mọ́tò ni kí o gbà. Má gba ẹ̀yìn àgbélébùú òkúta, níbi tí igi eléèpo funfun kan dá dúró sí. Ejò pọ̀ níbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Ejò pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀tọ́ ń bọ̀. Mò ń hun ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́.

Màmá Àgbà rẹ,
Deolinda.


Lachaud-la-Fontaine,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá.

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Ọ̀pọ̀tọ́ dé láyọ̀, ó ti tán.

Mo la ẹnu mi bí ẹ ṣe ní. Láti ọ̀dọ̀ ajá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan máa ń jókòó sórí afárá láàárọ̀, Bàbá Fernand Bourzeix, òun àti ajá rẹ̀ kan tí irun ti bò lójú. Mo kí ajá náà. Bàbá náà ní, "Ajá mi lo rí, o ò rí mi?" Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ó ní, "Ó tó. Mo ti ń rò ó pé ó di dandan kí n kọ́kọ́ gbó." Láti ọjọ́ náà, tí mo bá sáré kọjá, á gbó lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín dé ọ̀dọ̀ àwọn màlúù.

Mo sì lọ bá àwọn asáré Sọ́ńdè. Maryvonne ń sáré bó ṣe ń wa mọ́tò, kì í wẹ̀yìn. Àwọn yòókù ń rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń jiyàn nípa ọgbà ara wọn, bí wọ́n bá ń mí hẹlẹ, wọ́n á ní àwọn ń wo ojú ọjọ́. Lẹ́yìn eré, a jókòó sórí odi kúkurú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹ sọ́sééjì tútù, a mu kọfí. Wọn ò béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́. Wọ́n kàn ń gbé sọ́sééjì sí mi lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó wá dára jù. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù yìí, abúlé máa ń ṣe eré sísá ńlá nínú igbó, àwọn èèyàn á wá láti abúlé gbogbo. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ so ọ̀já pupa mọ́ igi lójú ọ̀nà káwọn asáré má baà ṣìnà. Ọkùnrin tó máa ń ṣe é, orúnkún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Maryvonne ní, "Ẹ gbé e fún Iria. Ọmọ yìí mọ igbó wa ju àwa tí wọ́n bí síbẹ̀." Gbogbo wọn gbà. Màmá Àgbà, mi ò lè sùn.

Mo ti so ó tán. Mo sì ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Olú ti yọ nínú igbó. Mi ò rí irú ẹ̀ rí ní Fuseta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, fìlà rẹ̀ ní àwọ̀ èèpo búrẹ́dì, àwọn ibi kọ́lọ́fín ló máa ń wà, lábẹ́ igi óákù tó tẹ̀, lẹ́yìn àpáta, nínú kòtò tí ewé ti bò. Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo wá rò ó pé lọ́jọ́ eré, àwọn èèyàn á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá ti rí i, mo so ọ̀já méjì pọ̀ mọ́ igi tó sún mọ́ ọn. Mo rí púpọ̀, ẹ mọ ojú mi. Mo tún kọ ọ́ sára pátákó tó wà lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kí gbogbo èèyàn lè kà á: "Níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀já méjì, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀. Olú wà níbẹ̀."

Àwọn igi yín wà. Mi ò rí téńté wọn. Abẹ́ wọn ṣókùnkùn, ó sì parọ́rọ́, mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yìn àgbélébùú òkúta ni mo gbà lọ. Mi ò rí ejò kankan. Olú tó tóbi jù nínú gbogbo igbó ló wà lábẹ́ igi eléèpo funfun náà, wọ́n wà pa pọ̀ bí ẹbí tó ń jẹun. Ọ̀já mẹ́ta ni mo so síbẹ̀.

Ẹ sọ fún Màmá pé ó dà bíi pé mo ti rí ibi tí màá ti tọrọ iyọ̀.

Iria yín.


Lachaud-la-Fontaine,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò dúró de èsì yín. Ẹ ní kí n fi ìròyìn tí kò dára náà ránṣẹ́, òun nìyí.

Abúlé ti yí padà sí mi. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Tí mo bá wọ ilé oníbúrẹ́dì, ọ̀rọ̀ á dúró lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì kì í pè mí ní "ọmọ mi" mọ́, á gbé búrẹ́dì lé orí tábìlì, á yíjú sí fèrèsé. Ẹnì kan ti fa ìwé mi ya kúrò lára pátákó. Mo kí ajá lórí afárá, ajá náà ń bọ̀ wá bá mi, Bàbá Fernand súfèé, ó pè é padà. Kò gbó. Kò wojú mi.

Ní Sọ́ńdè, mo dúró síbi omi ní gbàgede títí tí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó yá mo rí ẹ̀yìn wọn lódìkejì pápá, wọ́n ń sáré lọ láti ọ̀nà mìíràn. Maryvonne ti ń ju lẹ́tà sínú àpótí láìfun fèrè. Mo fi ipá mú ara mi, mo dúró níwájú mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ pé o ṣẹ̀ wá?"

"Kí ló wá dé?"

"Kò sóhun tó dé."

"Àwọn èèyàn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Bóyá wọn ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu." Ó sì wa mọ́tò lọ.

Ní Sátidé, àwọn mọ́tò tí mi ò mọ̀ rí kún etí igbó, àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti apẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn yẹn gan-an kí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn tí mò ń bá gbé ni kò kí mi.

Mo ti rò ó. Àjèjì ni mí, mo yára jù, mo fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi. Bóyá igbó náà ni. Bóyá ohùn mi ni. Ọkọ̀ kan ń lọ ní Sátidé tó ṣáájú eré náà, mo ti béèrè. Ẹ sọ fún Màmá pé kó bá mi mú iṣẹ́ agolo ẹja yẹn dání. Ẹ má ka èyí tó kù fún un.

Àárò igi nìkan ni yóò máa sọ mí.

Iria.


Fuseta,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Iria,

Lẹ́tà rẹ ọjọ́ karùn-ún dé láàárọ̀ yìí. Mo kà á tán, mo jókòó. Mo tún un kà, mo dìde. Mo pariwo débi tí ìyá rẹ fi sáré wọlé, ẹja sì jóná nínú páànù. Ó ní kí ló dé, mo ní ẹja ló jóná.

Ọmọ mi, kí lo so ọ̀já pupa mọ́?

Olú yẹn, sẹ́ẹ̀pù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé kan ní Lachaud tí kò ní ibi tirẹ̀ tó ti máa ń ká a, kò sì sí ilé tó ń fi tirẹ̀ han ìkejì. Bàbá kì í fi han ọmọ àfi tó bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọkọ ní tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á fi apẹ̀rẹ̀ sábẹ́ kóòtù, ọ̀nà tí wọ́n bá gbà lọ kọ́ ni wọ́n máa gbà bọ̀. Mo jẹ ẹ́ lórí tábìlì ọ̀rẹ́ mi lọ́dọọdún, mi ò béèrè ibi tó ti rí i. Béèyàn bá béèrè, ó dà bí ìgbà tó ṣí dúrọ́ọ̀ onílé. Ìwọ wá rìn yí gbogbo igbó ká pẹ̀lú ojú rẹ yẹn, o so ọ̀já mọ́ gbogbo àṣírí wọn, o tún lọ kọ ọ́ sára pátákó lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Tó o bá gun orí ṣọ́ọ̀ṣì, tó o fi agogo kéde rẹ̀, ì bá sàn díẹ̀.

Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé inú wọn ti ru báyìí. Wọn ò sì ní sọ fún ọ láéláé. Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́? Ẹni tó bá ní "ibi tèmi lo so ọ̀já mọ́" ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni tòun. Nítorí náà, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Ìwọ náà á wá rò pé nítorí pé o jẹ́ àjèjì ni, tàbí nítorí ẹnu rẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ olórí abúlé ló ṣe é, bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Má lọ bẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tó o bá bẹ̀ á ní kò sí nǹkan. Má sì tú ọ̀já kankan. Wọ́n ti rí i, igi tó o bá tú u lára rẹ̀ ni wọ́n máa rántí jù. Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, ohun tí màá ṣe nìyí: màá so ọ̀já méjì-méjì mọ́ igi tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo igi. Màá so ó títí tí kò fi ní sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́, títí tí ìwọ gan-an ò fi ní mọ̀ ọ́n. Yí ẹ̀yìn àgbélébùú ká, so púpọ̀ síbẹ̀. Púpọ̀ gan-an.

Ṣe é kí Sọ́ńdè eré tó dé. Sáré, Iria. Mo ti wá rí ohun tí eré sísá wà fún.

Deolinda.


Lachaud-la-Fontaine,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá.

Màmá Àgbà mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, ẹ gbé ẹja kúrò lórí iná.

Maryvonne fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́tà yín wá, àpòòwé náà nípọn ju ẹnu àpótí lọ. Ó rí báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ò ń lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún wo báàgì náà, ó lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ka lẹ́tà yín. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tì mí débi pé mo fi lẹ́tà náà bojú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Mo wọ bàtà. Àárọ̀ ọjọ́ náà àti àwọn àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí ọ̀já tán, mo ya aṣọ fèrèsé yàrá mi, pupa ni. Mo so ó mọ́ igi óákù, mo so ó mọ́ kùkùté, mo so ó mọ́ ẹnu géètì kan tí kò ní ọgbà. Mò ń so ó mọ́ òpó wáyà nígbà tí mọ́tò yẹ́lò dúró lẹ́yìn mi. Maryvonne sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń sàmì sí olú, mà."

"Kò sí olú níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

Ó wo òpó náà. Ó wo igi tó wà lódìkejì ọ̀nà, ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀já ni gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmú ohùn jáde, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó padà sínú mọ́tò, ó mú rọ́bà pupa tí wọ́n fi ń di lẹ́tà pọ̀ jáde, ẹ̀kún ọwọ́ kan. Ó nawọ́ sí igi kan. "So ó mọ́ ìyẹn náà. Fernand máa ń gba ibí yìí kọjá." Ó wọ mọ́tò. Nígbà tó dé kọ́nà, ó fun fèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ọ̀já tí kì í ṣe èmi ni mo so ó. Òwú búlúù wà lára igi kan, etí épírọ́ọ̀nù wà lára òmíràn, okùn bàtà, àmùrè aṣọ kan tó ti gbó. Àwọn èèyàn abúlé ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Nílé oníbúrẹ́dì, ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn àlejò tó gbé apẹ̀rẹ̀ dé ń yí po nínú igbó. Ọ̀kan bá mi níbi omi, inú ń bí i. "Ṣé ẹ̀ ń ṣe àríyá nínú igbó yín ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, lọ́dọọdún."

Ohun kan wà tí èmi àti ẹ̀yin kò rò. Ọ̀já ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà eré. Nígbà tí ọ̀já ti wà lára gbogbo igi, ọ̀nà eré ti sọnù. Ní Sọ́ńdè, àwọn asáré ti tò, Maryvonne yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Máa lọ níwájú, kí o máa pè wọ́n." Màmá Àgbà, kí n pè wọ́n, èmi Iria. Mo sáré lọ sí oríta kìíní, mo la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde. Wọ́n ń bọ̀ gìrìgìrì, àwọn tó wà níwájú ti ń yà sọ́nà odò. Mo pariwo, "Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì ni kí ẹ yà!" Wọ́n yà. Mo gba àbùjá lọ sí oríta kejì, mo tún pariwo. Títí a fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń darí wọn. Ohùn mi ti há, ẹ kò lè dá a mọ̀.

Bàbá Fernand wà lórí odi nígbà tí à ń jẹun. Ó ń bọ́ ajá rẹ̀ ní sọ́sééjì mi.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n ọ̀já yẹn?"

"Màmá àgbà mi, sà. Deolinda. Ó ti gbin igi lókè níbí rí."

"Deolinda." Ó dá ọwọ́ dúró. "Deolinda tó máa ń kí ajá?"

"Òun ni, sà."

Ó ju sọ́sééjì tó kù fún ajá. Ó wá ní, "Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́. Má wọ aṣọ pupa."

Àárọ̀ yìí la lọ. Ó mú mi yí po débi tí mo fi rò pé ó ti ṣìnà, ẹni tó ti ń rìn níbẹ̀ láti ìgbà ọmọdé. Ó sú ajá gan-an. A dé ibì kan, ó gbé ewé kúrò, ó ní, "Wò ó." Mo wò ó. Ó ní kí n búra, mo búra. Nítorí náà, ẹ má bínú, Màmá Àgbà. Mi ò lè sọ ibẹ̀ fún yín.

Ó fún mi ní ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ sè é, mo rí i pé mi ò ní iyọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì. Ó ní, "Iyọ̀? Kí lo fẹ́ sè?" Mo ní mi ò lè sọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó bu iyọ̀ fún mi, ó gé bọ́tà sí i, ó ní, "Má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, ọmọ mi."

Ọkọ̀ Sátidé lọ láìsí mi nínú rẹ̀. Ẹ ka gbogbo èyí fún Màmá.

Iria yín.


Fuseta,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá.

Iria,

Kí ohùn rẹ tètè là o, kí ó sì tún há láìpẹ́.

Mo ka ti iyọ̀ yẹn fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà. Ó sunkún, ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ. Ó ti sọ fún àwọn alágolo ẹja pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Bá mi kí Fernand, kí o sì kí ajá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá mìíràn ni. Mi ò ní bi ọ́ níbi tó mú ọ lọ. Ká ní o kọ ọ́ sínú lẹ́tà ni, ì bá dùn mí. Ra aṣọ fèrèsé mìíràn fún onílé.

Ìbọ̀sẹ̀ rèé. Òwú dúdú ni mo fi hun ún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ìyá rẹ ò sì gbọ́dọ̀ kà á. Kò sí ejò lẹ́yìn àgbélébùú òkúta. Kò sí i rí. Bàbá àgbà rẹ jẹ olú tó ń ti ibẹ̀ wá ní gbogbo ọdún wa níbẹ̀, kò mọ ibi tí mo ti ń rí i títí ó fi kú. Mo rò pé ibẹ̀ ti run láti ìgbà tí a ti wá sílé. Ìgbà tí mo kà pé wọ́n wà lábẹ́ igi yẹn, wọ́n wà pa pọ̀ bí ẹbí tó ń jẹun, ìyẹn ni mo fi pariwo. Àwọn ọ̀já ni mo fi jókòó.

Ìwọ lo ni ín báyìí. Fi ọ̀bẹ gé e, má fà á tu. Fi ewé bo ojú ibẹ̀. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kí o gbà bọ̀. Jẹ́ kí ọ̀já mẹ́ta yẹn wà láàárín àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó máa wò wọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́, sọ fún un pé ejò pọ̀ níbẹ̀.

Deolinda.